Ẹ Má Pọ́n Ẹ̀yìn Irin Yẹn Mọ́

Bàbá Nashwa,

Mo ti lọ sílé ìyá mi, ibẹ̀ ni màá sùn mọ́jú. Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù.

Irin tí ẹ fi ń fẹ ẹnu ihò súkúrù ti bàjẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ gbé lé ẹ̀rọ ìpọ́nrin, ó gbóná títí ó fi dúdú. Láàárọ̀ yìí, Hájà Inshirah, ìyá ìyàwó tí ẹ ń kan bẹ́ẹ̀dì fún, fọwọ́ ra bẹ́ẹ̀dì náà, orí súkúrù sì ha á lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Nashwa, ṣé ẹ̀yìn òòrẹ̀ ni kí ọmọ mi máa sùn lé ni?" Bí kò bá jọ̀lọ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí òní, ó ní káfíńtà ò wọ́n ní ìlú Dimyat yìí.

Mo ti fi òkúta ìpọ́nbẹ pọ́n irin kejì. Inú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ nìkan là ń pọ́n. Bí ẹ bá kan ẹ̀yìn, á máa gbọ̀n nínú igi. Ẹ tú àwọn súkúrù, kí ẹ tún fẹ ẹnu ihò wọn, kí orí wọn lè rì sínú igi. Èékánná ni kí ẹ fi wo irin náà bóyá ó mú, ẹ má fojú wò ó.

Hájà bi mí pé ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo ní èmi ni. Ta ló máa gbéṣẹ́ fún káfíńtà tí kò ríran dáadáa mọ́? Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́la, a ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.