Mo Ṣebí Ìwádìí Àna Ni

Orí bẹ́ǹṣì,
Ìta wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún,
Ọsíbítù Ìdó-Èkìtì.

Ayọ̀mikún, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni iṣẹ́ àti wàhálà Ìbàdàn? Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí búrẹ́dì nìkan lo ṣì ń jẹ bí ẹni pé kò sí iṣu nílé bàbá rẹ? Ọlọ́run tí à ń sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o kò ní pàdé agbako lójú títì. Gbogbo ará ulé kí ọ. Orókùn bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ ni kò dùn ún. Òjò kò jẹ́ kí kòkó gbẹ dáadáa, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Èmi náà ì bá ní mo wà ní àlàáfíà bí kò bá ṣe ti ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, owó sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Ọ̀rẹ́olúwa ló jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì yìí, ìyá ọmọkùnrin tó fún àbúrò rẹ Oyin lóyún, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí àna ń gbọ́. Ó ń ka Bíbélì, ṣùgbọ́n etí kì í ka Bíbélì. Mo fi ìborùn bo ìwé mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, dẹ́rẹ́bà kan tó gbé aláìsàn wá láti Ìbàdàn ti ṣèlérí pé òun á mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ. Oyin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó kọjú sí mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ojú rẹ̀ wú, ó ní iná ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lójú òun, àwọn dókítà ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, Ayọ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará ilé Ọ̀rẹ́olúwa ní Ìrèlé ti ránṣẹ́ pé àwọn á wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí àwọn bá ti wa iṣu tán. O sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbé ìyàwó nílẹ̀ wa láìṣe ìwádìí. Oyún kò ní kí wọ́n má ṣe é. Wọ́n á rán ènìyàn wá, wọ́n á béèrè bóyá wárápá wà nínú ìdílé, bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá àwọn obìnrin ibẹ̀ ń bímọ wẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí ikùn Oyin ti yọ ni mo ti ń retí wọn, mo ń gbá ojúlé láràárọ̀ bí ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá kí.

Àfi bí wọ́n ṣe dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan, aṣọ wọn mọ́ tónítóní. Ọ̀gá wọn tó ń jẹ́ Nọ́ọ̀sì Adérìnsọ́lá kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ, ó ní ìwádìí ni àwọn wá ṣe nípa Oyin àti oyún inú rẹ̀. Ayọ̀, kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Ìwádìí! Mo ní ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin náà la ti ń retí. Ó yà á lẹ́nu pé a ti ń retí wọn. Mo ki adìyẹ mọ́lẹ̀, mo gún uyán, wọ́n ní àwọn kì í jẹun lẹ́nu iṣẹ́, mo ní iṣẹ́ wo ló ju kí àna jẹun ní ulé àna lọ? Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ àrà bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní Oyin ti tọwọ́ bọ̀wé níbi tó ti gba káàdì aláboyún, àti pé ìgbàkígbà tó bá wù ú ló lè yọ ara rẹ̀ kúrò, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé. Mo wo bàbá rẹ. Irú àna wo ló ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìyàwó? Ó tún ní àwọn kò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ni àwọn á máa fi pè é. Mo ní ọmọ tí mo sọ lórúkọ níwájú àlùfáà ni ẹ fẹ́ máa fi nọ́ńbà pè bí ẹlẹ́wọ̀n? Ó ní fún àǹfààní rẹ̀ ni. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ìgbà tó ní kọ̀ǹpútà ti pín gbogbo wọn sí méjì, Oyin sì bọ́ sí ìkejì. Mo dìde fùú. Mo ní ọmọ mi kò ní ṣe ìkejì ẹnikẹ́ni, bí Ọ̀rẹ́olúwa bá ti ní ìkíní níbì kan, kí wọ́n gbé e jáde kí n rí i! Ọkùnrin tó bá wọn wá wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní rárá o, Màámi, àwọn ìkíní ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, àwọn ìkejì ni àwọn ń tọ̀ lọ sílé, tí àwọn ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, kí àwọn lè mọ èyí tó dára jù. Mo jókòó, ṣùgbọ́n mo fi sọ́kàn.

Bàbá rẹ sọ̀rọ̀ sí mi létí pé Ìyá Ayọ̀, ìwádìí yìí kò jọ ti àna o. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ayé ti dayé kọ̀ǹpútà, bí àwọn ọ̀làjú ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì wá gbé fóònù kan tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun lé itan, ó ń bi mí ní ìbéèrè, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé wa. Mo ní ibi tí Ọlọ́run fi ẹ̀jẹ̀ wa sí náà ló wà. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Mo ní ṣúgà wo, nígbà tó jẹ́ pé ọdún Kérésì là ń rà á. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣé èmi, tàbí ìyá mi, tàbí àbúrò mi, ṣé gìrì mú ẹnikẹ́ni nínú wa rí nígbà oyún tàbí nígbà ìrọbí? Bàbá rẹ la ẹnu, mo yára tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà ni mo tẹ̀. Mo ní gìrì kẹ̀? Nílé wa? Mo ní àwọn obìnrin ilé wa ń bímọ bí adìyẹ ṣe ń yé ẹyin ni, wọ́n á bí i tán, wọ́n á gba oko lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn pé mo gbèjà wa.

Ó wá ní kí n pe Oyin, òun fẹ́ so okùn kan mọ́ ọn lápá kí òun fi wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ. Ayọ̀, inú yàrá ni Oyin wà. Ẹ̀fọ́rí dá a dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí sílípáàsì kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣé irú ìyẹn ni mo máa fa ìyàwó jáde sójú àna? Mo ní ó ti lọ ṣe ìdánwò ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́. Inú Nọ́ọ̀sì kò dùn. Ó fún mi ní ìgò kékeré kan, ó ní kí Oyin tọ̀ sí i, àwọn á yà gbà á láàárọ̀, àti pé kó má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kó tó wá sí Ìdó.

Ìtọ̀! Èmi kò rí i rí kí àna máa béèrè ìtọ̀ ìyàwó. Mo rò ó títí, mo ní àìsàn ni wọ́n fẹ́ fi wá. Ìtọ̀ Oyin ní ọjọ́ náà kò wù mí, ó ń hó bí omi ọṣẹ. Ni mo bá gbé ìgò lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi tèmi kún un, ó mọ́ gaara, mo nù ún, mo dé e, mo ń kọ orin ìyìn. Mo ní ẹ gbé e lọ, ẹ lọ rí ẹ̀bi níbẹ̀! Mi ò jẹ́ kí Oyin wá sí Ìdó, mo ní ó di ìgbà tí wíwú náà bá lọ sílẹ̀.

Àárọ̀ òní ni Nọ́ọ̀sì pè. Ó ní ìtọ̀ Oyin ní ṣúgà nínú, kí n gbé e wá kíákíá. Ó yé ọ àbí? Ṣúgà mi ni o. Bí èmi ìyá rẹ ṣe gbọ́ nípa àìsàn ara mi nìyẹn, orí ọmọ mi ni wọ́n kọ ọ́ sí, mi ò sì rí ẹni tí yóò kí mi pẹ̀lẹ́. Mo ní wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n á fi kọ ọmọ mi. Ni mo bá gbé Oyin wọ takisí kó wá tọ̀ níṣojú wọn kí orúkọ wa lè mọ́. Ayọ̀, orúkọ wa ni mo tìtorí rẹ̀ gbé e wá, kì í ṣe àìsàn rẹ̀. Nígbà tí a kọjá Ọ̀yẹ́ ó bì, ó di orí rẹ̀ mú, ó ní Màámi, òun kò rí ojú mi dáadáa mọ́. Ìgbà yẹn ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù.

Bí a ṣe wọlé, Nọ́ọ̀sì Adérìnsọ́lá so okùn náà mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tú u, ó tún un so, ló bá ké sí àwọn èèyàn kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́ wá. Mo ń sọ pé ìtọ̀ la bá wá o, ìtọ̀ la bá wá. Wọ́n ti tì í wọlé.

Ọ̀rẹ́olúwa ló ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ láti Ìrèlé. Bó ṣe dé, mo kí i, mo ní a dúpẹ́ àwọn èèyàn tí ẹ rán sí wa o, ọmọlúàbí ni wọ́n. Ó ní èèyàn wo? Ó ní àwọn kò tíì rán ẹnikẹ́ni, iṣu ṣì wà nílẹ̀. Áà! Orí mi wú. Nọ́ọ̀sì ló wá là mí lóye pé ìwádìí àwọn dókítà ni, pé wọ́n ń wá bí wọ́n á ṣe tètè dá obìnrin tí gìrì fẹ́ mú nínú oyún mọ̀, kó tó mú un, àti pé ó sábà máa ń rìn láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọmọ.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọmọ. Ayọ̀, gìrì mú mi. Ìwọ ni oyún náà. Ẹsẹ̀ mi wú bí ti Oyin, orí fọ́ mi bí ti Oyin, wọ́n ní mo gé ahọ́n ara mi jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n gbé ọ lé mi lẹ́sẹ̀, mo wò ọ́, mo béèrè pé ọmọ ta nìyí. Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Òun ló sọ ọ́ ní Ayọ̀mikún, èmi kò mọ̀ pé mo bímọ. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ gìrì, wárápá ni wọ́n máa kà á sí, kò sì sẹ́ni tí yóò fẹ́ ọmọ ilé wa mọ́.

Dókítà ti béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan níbí, níṣojú ìyá Ọ̀rẹ́olúwa. Mo ní rárá. Wọ́n ń gún Oyin ní ìka, wọ́n ń wá ṣúgà tí kò sí lára rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, obìnrin yìí á gbé e dé Ìrèlé, ọmọ inú Oyin kò ní ní ilé bàbá. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Mo ti sọ ọ́ fún ìwé, ó ku ẹnu.

Ilẹ̀kùn ti ń ṣí.

Mo ti padà dé. Mo sọ ọ́. Mo dìde níwájú Dókítà, mo ní gìrì mú èmi nínú oyún àkọ́bí mi, mo sì ní ìtọ̀ inú ìgò yẹn, tèmi ni. Mo sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó wà nídìí káàdì yíjú sí mi. Dókítà kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó ní ká ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn wà tí àwọn ì bá ti fún un láti ìgbà tí oyún ṣì kéré. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni báyìí, àwọn kò ní dúró mọ́, kí a wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó sáré wọlé.

Mi ò lè wo ojú ìyá Ọ̀rẹ́olúwa. Ó pa Bíbélì dé. Ó wá ní Ìyá Oyin, àwọn ti ń múra láti rán ènìyàn wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wa ní Ayédé, mo ti bá àwọn dín owó ọkọ̀ kù. Ló bá tún gèlè rẹ̀ wé, ó bi Nọ́ọ̀sì pé ibo ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀, ó tẹ̀ lé e lọ. Mo sunkún, Ayọ̀. Irú àna bẹ́ẹ̀ ni kí Ọlọ́run fún ọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn Oyin, àti fún ti ṣúgà mi, nítorí Nọ́ọ̀sì ti ní èmi náà kò ní kúrò níbí láìrí dókítà. Àkáǹtì bàbá rẹ ni kí o fi í sí. Ẹ̀rọ báńkì ní Ọ̀yẹ́ ti gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò pọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún jù nìyí: bí o bá gbé ìyàwó, tí ó lóyún, sọ fún wọn níbi tó bá ti gba káàdì pé inú gìrì ni wọ́n ti bí ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ rẹ, ìbáà jẹ́ àna, ìbáà jẹ́ dókítà, òtítọ́ ni kí o sọ.

Olúwa á pa ọ́ mọ́. Ìyàwó rẹ á sọ̀ layọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọwọ́ rẹ á máa lọ sókè, kò ní wálẹ̀. Bá wa gbàdúrà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlíìsì.

Dẹ́rẹ́bà ní kí n ṣe kíá, ṣùgbọ́n mi ò lè lẹ lẹ́tà yìí láìfi èyí kún un. Obìnrin ni ọmọ náà, ó kéré, ó ń ké bí ológbò. Wọ́n gbé Oyin jáde, kò la ojú. Mo dúró tì í, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ wíwú mú. Nígbà tó la ojú, Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ súnmọ́ ọn, èmi sì mọ ìbéèrè tí mo ń bẹ̀rù, èyí tí èmi béèrè ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó wo Nọ́ọ̀sì. Ó wò mí. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun fún òun.