Ẹ Má Sin Aṣọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí wọn. Mo kí Bọ́lá àbúrò mi tó ń ka ìwé yìí sí yín létí, àti gbogbo ará ilé ní Ìmẹ̀rí.

Bọ́lá kọ̀wé pé Bàbá Àgbà pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní kí a tó jẹ iṣu tuntun, kí a sin aṣọ Ẹ̀gbọ́n mi Báyọ̀ sẹ́yìnkùlé, torí pé a ò gbúròó wọn mọ́ láti ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọ lọ́rì ní Ìfọ́n lọ wáṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Warri. Bàbá Àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin ilé wa: ẹni tí a bá ti sin aṣọ rẹ̀, bó tilẹ̀ padà dé láàyè, kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé mọ́.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ níbí lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, mò ń lọṣọ ní ilé ìfọṣọ, òun ni mo fi ń sanwó yàrá. N kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Òtútù ibí kọjá àfẹnusọ. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà rẹ̀ á wálẹ̀ dé òdo, á tún máa lọ sísàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń bi ara mi pé kí ló tún wà lábẹ́ òfo. Àfi ìgbà tí mo rántí oko wa. Bí ẹ bá kọ ebè, kòtò ló kù níbi tí ẹ ti wa yẹ̀pẹ̀. Kòtò kì í ṣe òfo, ẹ gbọ́dọ̀ dí i kí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí ikú bàbá mi ṣe rí nìyẹn. A mọ ibi tí kòtò náà wà, a sì mọ ibi tí a ó ti sunkún.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mìíràn wà tí kì í ṣe ebè, tí kì í ṣe kòtò. Àfinúrò ni mò ń pè é: bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, abẹ́ òdo ló ń bọ́ sí. Mo bá olùkọ́ wa jiyàn pé ta ló ń fún ohun tí kò sí lórúkọ. Ó ní kí n dìde, kí n kọjú sílẹ̀kùn, kí n wá kẹ̀yìn sí i. Ó ní bí nọ́ńbà abẹ́ òdo ṣe ń ṣe nìyẹn, ó ń yíni padà. Ó wá bi mí pé kí ni mo lè ṣe lẹ́ẹ̀mejì tó máa yí mi padà bẹ́ẹ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dojú kọ fèrèsé, n kò kọjú sílẹ̀kùn, n kò sì kẹ̀yìn sí i. Mo tún yà lọ́nà kan náà, mo ti yí padà pátápátá. Ó ní ìyà-sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo yẹn ni nọ́ńbà àfinúrò, pé àwọn oníná mànàmáná ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo jókòó, mo bú sẹ́kún. Àwọn tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ò mọ ohun tó ṣe mí.

Màmá, ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀yìn sílé lọ. Bóyá wọ́n ti yà síbi tí a ò mọ̀. Bí wọ́n bá tún yà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé ni wọ́n máa kọjú sí. Ṣé ilẹ̀kùn títì ni kí wọ́n wá bá?

Bàbá Àgbà, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí Màmá mi rí oorun sùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ kòtò fún ẹni tí kò kú. Màmá, bó bá gbà pé kí ẹ jókòó lé àpótí aṣọ yẹn lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ jókòó lé e.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi Báyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà fún yín lẹ rí i, ẹ yà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Màmá mi, ojú yín ò ní ríbi. Ẹ bá mi kí àwọn ará wa ní Ọ̀wọ̀. Tí òjò bá dá, ẹ sá àwọn aṣọ náà sóòrùn kí kòkòrò má jẹ wọ́n. Ẹni tó ni wọ́n lè dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀