Ìwé Ojú Tí Mi Ò Buwọ́ Lù

                                        Ilé Ìtọ́jú Ojú,
                                        Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Ìyá Ẹnjiníà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ẹnjiníà ńkọ́, ṣé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tó ń dà wọ́n láàmú? Orúnkún màmá ńkọ́? Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má jáwọ́ nínú rírìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Ara tiwa náà le níbí. Tọkàntọkàn ni mo fi béèrè àlàáfíà yín, àmọ́ mi ò ní í ṣe bí ẹni pé inú mi dùn. Inú ń bí mi sí ọ. Mo ti kọ lẹ́tà kan ṣáájú èyí, mo sì fà á ya, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé kà fún ọ̀rẹ́.

Ọjọ́ Ajé lọmọ rẹ dé ọ̀dọ̀ mi. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó wọ kóòtù bàbá rẹ̀, èjìká kóòtù náà sì fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó ní wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá bí wọ́n ṣe ń wáṣẹ́: bí èèyàn ṣe ń wọlé, bó ṣe ń bọ ọ̀gá lọ́wọ́, bó ṣe ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ ní yunifásítì wọn lópin oṣù yìí láti wá ṣa àwọn tí yóò máa bójú tó iná ojú irin, àti pé ẹni tí kò bá mú ìwé dókítà ojú dání, wọn ò ní í dá a lóhùn. Mo ní kó fi mí ṣe ọ̀gá wọn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ ojú irin kì í ṣàdéédé dúró níbi tó wù ú. Ẹni tó ń tọ́jú iná rẹ̀ ló ń sọ ibi tó máa dúró." Orí mi wú. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì wa pé ọmọ mi nìyẹn.

Lẹ́yìn náà la gbé ìwé àyẹ̀wò àwọ̀ kalẹ̀. O mọ ìwé náà, àmọ́ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó má bàa sí àwáwí. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan kún fún àmì róbótó kéékèèké. Àwọn kan pupa, àwọn kan ní àwọ̀ ewé, wọ́n wá fi àwọn pupa to nọ́ńbà sáàárín àwọn yòókù. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ àwọ̀ méjèèjì yóò rí nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, àmì róbótó lásán ni yóò rí, bó ti wù kó tẹjú mọ́ ọn tó.

Ìwé tiwa ti gbó, ó ti já, nọ́ọ̀sì ló tún un rán. Bí ojú ewé ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ṣe tò ó. Ọmọ rẹ bẹ̀rẹ̀. "Méjìlá." Ó gbà á. "Mẹ́jọ." Kò sí mẹ́jọ níbẹ̀. "Mẹ́fà." Mi ò tíì ṣí ojú ewé náà tán! Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé nọ́ńbà tẹ́tẹ́ lẹ fẹ́ fún wa ni?" Mo dorí ìwé kodò. Ọmọ náà ń kà á lọ ní tirẹ̀.

Mo pa ìwé dé. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n ti yí i padà ni? Èyí tí Mọ́mì fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ni mo há sórí." Mo ní kí ló dé tó fi ń há a sórí. Ó ní, "Ṣebí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mọ́mì ní ìdánwò bíi tàwọn yòókù ni." Mo bi í pé kí ló rí nínú ìwé náà gan-an. Ó ní àmì róbótó. Mo ní èmi rí nọ́ńbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń bá òun ṣeré. Ó ṣí ojú ewé kan fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì ka ohun tó wà níbẹ̀ láìronú. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ yẹn. Ó ní, "Mọ́mì náà ń rí i?"

Kí lo fẹ́ kí n sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Ó ní títí di ọdún àṣekágbá yìí, ìwọ lò ń di ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣòkòtò fún òun kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Ó ní nígbà tí tíṣà na òun torí pé òun kun ewé igi ní pupa, o ní òun ò fara balẹ̀ ni. Ní yunifásítì, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń mú wáyà, òun a máa ṣe ìṣirò, torí òun "kì í fara balẹ̀". Ìwọ yìí! Ọmọ tó ń kàwé títí ojú rẹ̀ fi ń wú, o jẹ́ kó gbà pé aláìfarabalẹ̀ lòun, kí o má bàa sọ òótọ́ kan ṣoṣo fún un. Lásìkò tó kun ewé yẹn, o wá bi mí léèrè, mo ní kí o mú un wá. O ní dókítà mìíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò sí nǹkan. Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Ọ̀dọ̀ ìyá ni irú ojú yìí ti máa ń wá, bàbá rẹ náà ní irú rẹ̀, o ò sì fẹ́ kí ẹbí ọkọ rẹ rí ẹnu fi sọ ọ́. Ṣé ẹnu wọn wá ju ọmọ lọ ni?

Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe ìfọ́jú. Ojú rẹ̀ ríran jìnnà ju tèmi lọ. Ohun tó ń ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé lẹ́yìn ẹyinjú ni kò pé. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sì nílò oògùn. Àmọ́ ro ibi tí ò ń rán an lọ. Òjò ń rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ìdì wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, pupa ní ibi tirẹ̀, aláwọ̀ ewé ní ibi tirẹ̀. Ó ṣì wọ́n so. Iná tó yẹ kó dá ọkọ̀ dúró wá ń ní kó máa bọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló kún inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí mo sọ fún ọ pé mi ò ní í buwọ́ lu ìwé náà, o tún pè mí: "Dókítà, ṣáà buwọ́ lù ú, ṣebí ọmọ tiwa náà ni." Torí pé ọmọ tiwa ni mi ò ṣe buwọ́ lù ú! Dókítà kún ìlú, èmi lo rán an sí, torí o rò pé ojú ọ̀rẹ́ máa dí ojú dókítà. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. O ní mo ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ rẹ jẹ́. Ta ló mọ̀ pé wọ́n máa ti ọ̀nà yẹn mọ́ ọn, tó sì jẹ́ kó lo gbogbo ọdún yunifásítì rẹ̀ lórí rẹ̀?

Lánàá ló padà wá. Ó ti lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Olùkọ́ náà ní iléeṣẹ́ yẹn kan náà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò bí ọkọ̀ kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, wáyà ò sí níbẹ̀. Àmọ́ èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, àwọn kan sì ti ń múra fún un láti ọdún tó kọjá. Ó lè má rí i gbà. Ó ní kí n kọ ìwé nípa ojú òun bó ṣe rí gan-an, òun máa mú un dání. Mo kọ ìyẹn, mo sì buwọ́ lù ú.

Òun ló ní kí n sọ gbogbo èyí fún ọ, torí kò tíì lè gbé fóònù rẹ. Bá mi kí Bàbá Ẹnjiníà àti màmá. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ó rí i pé inú ń bí mi, àmọ́ kò mọ ìdí, mi ò sì ní í sọ fún un.

Ọmọ náà bi mí pé láti ìgbà wo lo ti mọ̀. Mo ní ẹnu rẹ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Ó ń bọ̀ nílé ní Sátidé. Sọ fún un níṣojú bàbá rẹ̀. Tí o bá ní o ò mọ̀, èmi á sọ fún un pé o mọ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ síbẹ̀síbẹ̀,
Dókítà