Ìpè Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀bá Ọjà Ọba,
Àkúrẹ́.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kí yín. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àlàáfíà ni ọkọ mi àtàwọn ọmọ wà. Ẹ kò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Àìkú, ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí gàdàgbà, kí ojú yín lè rí i. Jethro tó ń wa ọkọ̀ Oǹdó ni yóò fi lé yín lọ́wọ́.

Mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ pé Ìyá Akínsànyà yọ̀ ṣubú létí kànga ẹ̀yìnkùlé yín, pé wọ́n ń pe orúkọ yín, ẹ gbọ́, ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìgbà tí àwọn akọrin ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni wọ́n tó bá wọn nílẹ̀, egungun itan ti kán. Gbogbo àdúgbò ló ń bú yín báyìí, pé ọ̀rẹ́ àtìgbà ọmọge lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ìyá mi, èmi ni mo jẹ̀bi.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo wá kí yín, tí mò ń ka àwọn ìtàn abàmì kéékèèké inú fóònù mi fún yín bí a bá ti jẹun tán? Èyí tó kẹ́yìn ni ti obìnrin etí odò tó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ tó ti kú, tó ń pè é lẹ́yìn ilé. Obìnrin náà fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Ẹ ní, “Ìtàn kí nìyẹn? Ṣé ó dáhùn ni àbí kò dáhùn?” Tíṣà ni yín, ẹ kì í gba ìtàn tí kò ní ìdí. Èmi aláwàdà wá ní, “Ó dáhùn o, wọn ò sì rí i mọ́.” Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí.

Irọ́ ni mo pa. Òǹkọ̀wé kò sọ bóyá ó dáhùn, èmi ni mo so ìparí yẹn mọ́ ọn. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́, ojú ń tì mí láti gbàdúrà pàápàá.

Akínsànyà ti gbé ìyá rẹ̀ wá sí ọsibítù níbí. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n ka ìtàn náà fún àwọn bó ṣe wà gan-an.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé láti mú yín wá bá wọn. Èmi ni n ó kọ́kọ́ wọlé, kí ìtìjú bá mi ṣáájú yín. Ọlọ́run kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ jẹ ìyá níyà. Yóò dá ẹ̀yin méjèèjì sí fún wa, ẹ ó tún jọ jókòó ṣàríyá lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pè yín, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ dá mi lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín tó kó yín sí wàhálà,
Olúrántí.

Àfikún: Nígbà tí mo kà á débi tí obìnrin náà fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, tí mo dákẹ́, Ìyá Akínsànyà ní, “Yóò dáhùn. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á.” Wọ́n wá bi mí bóyá ẹ ń jẹun.