Kóòdù Mi Àkọ́kọ́ àti Ẹ̀gbọ́n Wálé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Yábá

Mo fi kóòdù mi àkọ́kọ́, àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ lónìí sí ìkànnì tí àwọn ènìyàn fi ń wá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un ṣe. Mo mú orúkọ àwọn ilé ìwòsàn ṣáájú àwòrán ilẹ̀, kí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára lè tètè rí nǹkan kà.

Wálé, tó ń yẹ iṣẹ́ wò kí ó tó wọlé, ní kí n dá àwòrán padà sókè. Mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àgbà ni. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé sà, màá ṣe bẹ́ẹ̀."

Kí n tó fi ránṣẹ́, Bísí àbúrò mi, nọ́ọ̀sì, yọjú wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún kọ̀ǹpútà! Kí àwòrán yẹn tó ṣí, ẹni tó ń rọbí á ti bímọ."

Mo pa á rẹ́, mo kọ òmíràn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ẹ fi fóònù yín ṣí i ní Mákókò, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, kí ẹ wò ó." Mo fi í ránṣẹ́. Bí kò bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà, kó má gbà á.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì dé: "Ẹ jàre, mà. Mo ti gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Àgùnbánirọ̀ ni mí."

Iṣẹ́ mi ti wà lórí ìkànnì. Bí mo ṣe máa wá pe Wálé ní ìwọ ni mi ò tíì mọ̀.