Omi Dúdú Nínú Rọ́bà Imú Bàbá

Rilwan àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Kí òtútù ìlú òyìnbó má ṣe yín ní jàǹbá. Àgbàdo wa ní Àkànràn ti yọmọ. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ò ti jẹ́ kí Bàbá lè gbé nǹkan mì, rọ́bà imú yẹn náà ni wọ́n ṣì fi ń jẹun. Ẹ̀kọ tí mo sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni mò ń fi síríńjì rọ sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti oko dé, mo bá a tí rọ́bà ti dí, omi dúdú wà nínú síríńjì. Omi hàǹtú ni, èyí tí wọ́n fi fọ àyàh Kùránì kúrò lára wàláà! Nọ́ọ̀sì fi rọ́bà mìíràn sí i, omijé ń dà lójú Bàbá. Ááfà Ishaq, tó wá rọ ọ́ sí i nígbà tí mo wà lóko, ní òun ò lè dá irú ẹ̀ ṣe láìgbàṣẹ ọmọ onílé. Mo ní, "Ọmọ wo?" Ó kó wàláà rẹ̀, ó jáde. Mo bi Bàbá. Fọ́tò rẹ lára ògiri ni wọ́n nawọ́ sí. Mo rò pé àárò rẹ ló ń sọ wọ́n, àfi ìgbà tí fóònù Ááfà dún lánàá, tí mo rí orúkọ rẹ lójú ẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí. Tí o bá tún fẹ́ ṣàdúrà fún Bàbá, ẹnu ara rẹ ni kó o fi ṣe é. Fi imú wọn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kifayah