Lẹ́tà Láńre Láti Lọ́ńdọ̀nù

Ọjọ́ Àìkú, 5 Fẹ́búárì 1989

Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ní Joju, Sango. Tíṣà Kékeré — Àdìzát lorúkọ rẹ̀, ọmọ àná — pín wa ní mẹ́ta mẹ́ta. Èmi, tí mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù rírù tí mo fi ní iléeṣẹ́ búlọ́ọ̀kù àti lọ́rì méjì, wọ́n kó mi mọ́ Dúrójaiyé aránṣọ àti Ìyá Fáìzàh tó ń ta kẹrosíìnì. Tíṣà ní ìwé kíwèé tó bá tẹ̀ wá lọ́wọ́, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló kọ ọ́? Nígbà wo? Báwo la ṣe mọ̀ pé òun ni? Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló lè tan èmi jẹ?

Ọjọ́ Àìkú, 12 Fẹ́búárì

Kálukú mú ìwé wá láti ilé. Dúrójaiyé mú ìwé ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Èmi mú lẹ́tà mẹ́ta tí Láńre ọmọ mi kọ láti Lọ́ńdọ̀nù! SAP, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé dé, ń lu gbogbo ayé, iléeṣẹ́ ń tilẹ̀kùn ní Sango — ọmọ tèmi ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ lọ́hùn-ún. Kí wọ́n rí i.

Ìyá Fáìzàh tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Ó ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀kan wé èkejì.

"Bàbá Láńre, ẹ má bínú o. Ẹni tó kọ ti àkọ́kọ́ kọ́ ló kọ méjì yìí."

Mo ní ṣé nínú gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì ló ti kọ́ ìwé kíkà ni. Dúrójaiyé tẹrí ba wò ó, ó wojú mi. "Àlàájì, òótọ́ ló sọ."

Mo kó lẹ́tà mi. Mo bínú lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Fẹ́búárì

Òótọ́ ni. Mo fi ìkọ̀wé wọn wéra nílé: ti àkọ́kọ́ dá yàtọ̀. Ta ló ń fi orúkọ ọmọ mi kí mi?

Ọjọ́ Àìkú, 19 Fẹ́búárì

Mo padà lọ. Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín — ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ìyá Fáìzàh ní kí n kọ̀wé bi Láńre ní ohun tí àwa méjèèjì nìkan mọ̀. Dúrójaiyé ní kí n má fi ìdáhùn hàn nínú lẹ́tà. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ bi í. Mo ní kò kàn wọ́n.

Mo kọ ọ́: Ta ló fọ́ gíláàsì iwájú lọ́rì mi lọ́jọ́sí?

Ọjọ́rú, 8 Máàṣì

Kò sí lẹ́tà.

Ọjọ́rú, 22 Máàṣì

Kò sí. Mo béèrè owó bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ju agbára onílọ́rì méjì lọ. Èmi!

Ọjọ́bọ̀, 6 Éépírì

Ó dé. Èmi nìkan ni mo kà á, ìka lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi ṣọ́bìrì fọ́ ọ nígbà tí inú ń bí yín. Ẹ di ẹ̀bi rẹ̀ ru dírẹ́bà, ẹ lé e lọ. Ẹ ní n ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni."

Láńre ni! Ọmọ mi ń bẹ láyé. Mo kírun, mo sunkún.

Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹlòmíràn ló tún kọ ọ́. Láńre ń sọ, ẹlòmíràn ń kọ. Bẹ́ẹ̀ ó ní ara òun le, kí n má dààmú. Mo ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ọdún mẹ́sàn-án ní Ọ̀tà níbí kí n tó dọ̀gá. Mo mọ ohun tí ẹ̀rọ ń gé.

Mo mú bírò kí n bi í léèrè ọwọ́ rẹ̀. N ò lè kọ ọ́.